Páànù àti síílìn ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́: kí ni ká kọ sínú òfin ẹgbẹ́ kápẹ́ńtà kí àwọn ọmọṣẹ́ wa má baà máa fa eruku ẹ̀ símú?

Akọ̀wé_Kápẹ́ńtà

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo yín. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ kápẹ́ńtà ní àdúgbò wa níbí l'Óṣogbo, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí kó tó di pé a jókòó ìpàdé.

Ẹ mọ̀ pé ilé àtijọ́ pọ̀ nílùú yìí, ilé ìwé, kọ́tà ìjọba, ilé àwọn bàbá wa ní Òkè-Fìà, Àlékúwodo, ọ̀nà Station Road lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni síílìn wọn, òmíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé òrùlé gan-an ni, páànù tó rí bí ìgbì omi, tó nípọn tó ti dúdú tó ti hu èéhù. Látìgbà tí síílìn PVC àti POP ti gbòde, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè wá pé ká wá já ti àtijọ́ dànù. Báwo la sì ṣe ń já a? Hámà ni o. Ọmọṣẹ́ á gun àkàbà, á máa gbá a, á máa já bọ́ á máa fọ́ wẹ́wẹ́, eruku funfun á bo gbogbo yàrá débi pé ẹ ò ní í rí ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀, wọ́n á wá fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a jọ, wọ́n á kó o sínú àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n á rù ú lórí. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ gé kó lè bá ibi tó ṣẹ́kù mu, mẹ́ṣíìnì ni wọ́n fi ń gé e, ìyẹn gan-an ló burú jù. Tó bá dalẹ́, aṣọ kan náà ni wọ́n á wọ̀ relé, ọmọ á sáré wá dì mọ́ wọn.

Nílé ìwé kan tá a ṣe láìpẹ́ yìí, ìbòmú aláṣọ kọ̀ọ̀kan ni kọngílá pín fún àwọn ọmọ, ó ní ìyẹn ti tó. Nígbà tí mo ní ká bu omi sí síílìn yẹn ká tó fọwọ́ kàn án, ó ní omi ò sí nínú kọ́ńtíráàtì. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lórí àkàbà yẹn, ìyá tó bí i ló mú un wá bá wa pé ká kọ́ ọ níṣẹ́, kò sọ pé ká fi ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ṣòfò.

Mo fẹ́ ká kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan ò gbọdọ̀ gba irú iṣẹ́ yìí láìsí báyìí báyìí. Ṣùgbọ́n kí ni báyìí báyìí yẹn? Ta ló yẹ kó san owó ẹ̀? Ṣé òfin ìjọba wà lẹ́yìn wa? Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ pé látọjọ́ táwọn ti ń já a, ta ló ti kú. Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dáhùn.

Bàbá_Aláyùn

Akọ̀wé, mo kí ọ. Mo wà lára àwọn àgbà tó ò ń wí yẹn, bí a ò bá tiẹ̀ jọ sí ẹ̀ka kan náà. Mi ò ní kó o má kọ òfin o, ohun tí mo fẹ́ kó o rò sí ni pé àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ pọ̀ ju àwa lọ. Tí kọngílá bá gbọ́ pé àwa máa gba owó omi, owó ọ̀rá, owó ìbòmú, á kàn lọ síbi tí àwọn ọmọkùnrin ń dúró de iṣẹ́ ojúmọ́ láàárọ̀ ni, á kó mẹ́rin márùn-ún, wọn ò ní bi í ní nǹkan kan, wọ́n á sì fọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ wa, eruku yẹn á ṣì wọnú ọmọ ẹlòmíì. Òfin tó bá de kápẹ́ńtà nìkan tí kò de onílé, àwa nìkan ló máa jẹ níyà.

Èyí tí èmi mọ̀ tó ń pa kápẹ́ńtà lójú ara mi ni jíjábọ́. Páànù yẹn, tó bá ti gbó, ó máa ń rí bíi pé ó lè gbé èèyàn, ẹsẹ̀ kan báyìí o ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa kọ òfin, ẹ kọ ìyẹn ṣáájú: kí ẹnikẹ́ni má tẹ páànù náà ní tààràtà, kí wọ́n gbé pákó gígùn lé e lórí ibi tí igi òrùlé wà, tàbí kí wọ́n tú u látìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ayétòrò

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Bàbá, ẹ ṣeun, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ jíjábọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn "ta ló ti kú" yẹn torí òun ló ń jẹ́ kí gbogbo nǹkan dúró sójú kan.

Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á, àmọ́ bí òwú ló ṣe rí, fọ́nrán fọ́nrán. Tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ, tẹ́ ẹ gé e, fọ́nrán yẹn á já sí wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí, á máa léfòó nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ kódà lẹ́yìn tí eruku tẹ́ ẹ rí ti rọlẹ̀. Tó bá wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ara ò lè yọ́ ọ, ara ò lè pọ̀ ọ́ jáde tán, ibẹ̀ ló máa wà tí á máa dá egbò sí i díẹ̀díẹ̀. Àìsàn mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú ohun tó ń fà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀dọ̀fóró á gan bí awọ tí mímí á di iṣẹ́, wọ́n ń pè é ní asbestosis. Ìkejì ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìkẹta ni mesothelioma, jẹjẹrẹ tó ń mú awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró tàbí tó wà nínú ikùn, ìyẹn ò sì sábà fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó tún ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun àti ti ibi tí ẹyin obìnrin wà.

Kì í wá lónìí o, kì í wá lọ́la. Mesothelioma lè gba ogún ọdún, ọgbọ̀n, ogójì, kó tó yọjú. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún lórí àkàbà yín lónìí, ìgbà tó bá ti di bàbá ọlọ́mọ, tó ti fi iṣẹ́ kápẹ́ńtà sílẹ̀ tó ti ń tà níṣọ̀ọ̀bù, ìgbà yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, tí á máa mí gúle-gúle tó bá gun àtẹ̀gùn. Wọ́n á tọ́jú ẹ̀ bí ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n á ní asima ni, bí dókítà ò bá bi í pé iṣẹ́ wo lo ṣe nígbà èwe ẹ, kò sẹ́ni tó máa rántí síílìn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ẹ ò rí òkú kankan. Tí ẹni náà bá tún ń mu sìgá, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á di ìlọ́po lọ́nà tó lágbára gan-an.

Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé ó lé ní 200,000 èèyàn tó ń kú lọ́dọọdún kárí ayé nítorí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pàdé níbi iṣẹ́, wọ́n sì sọ pé kò sí oríṣi ẹ̀ kankan tí kò léwu, yálà funfun, búlúù tàbí bíráùn. Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ aṣọ tó o mẹ́nu bà yẹn, òótọ́ ni. Àwọn ìyàwó tí wọn ò dé ibi iṣẹ́ rí, tó jẹ́ pé aṣọ ọkọ nìkan ni wọ́n ń gbọ̀n tí wọ́n ń fọ̀, àìsàn yìí ti mú wọn. Ní South Africa, dókítà Wagner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé jáde ní 1960 nípa aláìsàn 33, àwọn kan nínú wọn ò ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wà á rí, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n kàn gbé nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Nítorí náà ẹ má da àfọ́kù yẹn sílẹ̀ fáwọn ọmọ ilé ìwé láti máa fi kọ nǹkan sára ògiri, mo ti rí i tí wọ́n ń fi ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ọmọ_Òroki_Manchester

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òkè-Baálẹ̀ ni mí, iṣẹ́ wíwó ilé ni mò ń ṣe níbí, mo sì ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí nǹkan yìí dáadáa. Níbí ní Bìrìtìnì wọ́n fòfin de búlúù àti bíráùn ní 1985, wọ́n de funfun ní 1999, ẹ wá wò ó, mesothelioma ṣì ń pa èèyàn tó lé ní 2,000 lọ́dọọdún níbí títí di àìpẹ́ yìí, gbèsè àtijọ́ ni wọ́n ń san. Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ o. Obìnrin kan, Nellie Kershaw, tó ń ran òwú ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ní fáktírì ní Rochdale, kò jìnnà síbi tí mò ń gbé yìí, ọdún 1924 ló kú, ọmọ ọdún 33, dókítà Cooke sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ohun tó bá nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. 1931 ni wọ́n ṣòfin eruku àkọ́kọ́. Láti 1931 sí 1999, ẹ rí i bó ṣe pẹ́ tó.

Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyí, ẹ mú èyí tó ṣe é ṣe. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 2000, a máa ń kà á sí pé ó wà níbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n ní kò sí, ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, máíkírósíkóòpù ló ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà, tí ilé bá ti pẹ́, ẹ kà á sí pé òun ni. Èyí tí kò tíì bàjẹ́ tí kò sì sí ní ojú ọ̀nà, a kì í fọwọ́ kàn án rárá, a máa ń kùn ún lọ́dà tàbí ká bò ó, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tá a bá máa yọ ọ́, odindi la ń yọ ọ́. Ẹ tú ìṣó tàbí bóòtù ẹ̀, ẹ má fi hámà gbá a, ẹ má fi mẹ́ṣíìnì gé e láéláé. Ẹ fi omi tí ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ rin ín, irú pọ́ńpù tí àgbẹ̀ fi ń fín oògùn sí kòkó yẹn dára gan-an, torí tẹ́ ẹ bá fi hóòsì rọ́ omi lù ú ńṣe ló máa tú fọ́nrán jáde. Ẹ rọra gbé e fún ẹni tó wà nílẹ̀, ẹ má jù ú. Ẹ fi ọ̀rá nínípọn wé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára. Ẹ má gbálẹ̀, ẹ fi àkísà tútù nù ún, kí àkísà náà wọnú ọ̀rá.

Ìbòmú aláṣọ yẹn ò wúlò fún nǹkan kan. N95 tá a lò nígbà kòrónà pàápàá, wọn ò gbà á lọ́wọ́ wa fún iṣẹ́ yìí, FFP3 la ń lò, ìbòmú tó ń sẹ́ eruku wẹ́wẹ́ jù ú lọ, ó sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ojú pinpin. Èyí ló fà á tí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó dá irùngbọ̀n sí lò ó, afẹ́fẹ́ á máa gba inú irùngbọ̀n wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà onírùngbọ̀n pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín, àwọn tí kò lè fá a níbí, ìbòjú tó ní mọ́tò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn lójú ni wọ́n ń fún wọn, ó sì wọ́n. Lọ́dọ̀ yín, ẹ kúkú fi wọ́n sí ibòmíì nínú iṣẹ́ náà, ẹni irùngbọ̀n á lè máa kan PVC tuntun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nulẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ: ìbòmú ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi í ṣáájú ń ti ẹrù náà sórí ọmọ tó wà lórí àkàbà ni. Omi àti yíyọ ọ́ lódindi ló ń dín eruku kù, ìbòmú kàn ń mú èyí tó ṣẹ́kù ni. Àwọn ará Yúróòpù náà ṣòfin tuntun ní 2023, wọ́n sọ iye fọ́nrán tí wọ́n gbà láyè nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ di ìdámẹ́wàá èyí tó wà tẹ́lẹ̀, láti 0.1 sí 0.01 nínú kúbíìkì sẹ̀ntímítà kan.

Mẹkáníìkì_Ògo_Olúwa

Ẹ má bínú pé mò ń já wọ ọ̀rọ̀ kápẹ́ńtà. Ṣé òótọ́ ni pé ó wà nínú bíréèkì náà? Àwa máa ń tú táyà, tá a bá ṣí dúrọ́ọ̀mù, eruku dúdú máa ń kún ibẹ̀, kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ la fi ń fẹ́ ẹ dànù, àwọn ọmọṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ẹ̀.

Ọmọ_Òroki_Manchester

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Bíréèkì láínì àti kúlọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n ń po ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́ ọn torí pé iná kì í jó o. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ tuntun nílẹ̀ tí wọ́n ti fòfin dè é ò ní in mọ́, àmọ́ láínì tọ́rọ́-fọ́n-kálé tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá, àti ti tòkúnbọ̀, ẹ kà á sí pé ó lè wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi kọ̀ḿpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ rin dúrọ́ọ̀mù náà, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ kó àkísà náà sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ sì dì í. Kò gbówó rárá, ọ̀la gan-an lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀.

Aṣojú_Òṣìṣẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Èmi ò mọ kápẹ́ńtà, iṣẹ́ òfin òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣe, mo fẹ́ dáhùn bóyá òfin wà lẹ́yìn yín.

Ó wà, àmọ́ ihò wà lára ẹ̀. Factories Act wa sọ nípa eruku àti bí ẹni tó ni fáktírì ṣe gbọ́dọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n fáktírì ló ń wò jù, àwọn tó mọ òfin ti ń pariwo tipẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tí wọ́n ti ń wólé ò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Èyí tí ẹ lè dì mú dáadáa ni Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó tí òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ bá pa lára máa gbà. Ẹ fetí sí èyí: òfin yẹn ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sí òṣìṣẹ́, ó ka ẹni ojúmọ́ náà sí òṣìṣẹ́, bí àdéhùn yín tiẹ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán. Àìsàn tí iṣẹ́ fà wà nínú ẹ̀, kì í ṣe jàǹbá nìkan. Agbanisíṣẹ́ ló máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti kọ̀wé ránṣẹ́ sí NSITF.

Ẹ wá rí ibi tó ti dí. Ọjọ́ 14 dára fún ẹni tó já látorí òrùlé. Ẹni tí mesothelioma bá mú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún ńkọ́? Kọngílá ti kú, ilé ìwé ti yí orúkọ padà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ò sí mọ́, kí ló máa fi hàn pé òun já síílìn rí? Níbí ni ẹgbẹ́ yín ti wúlò ju ìjọba lọ. Ẹ ní ìwé kan tẹ́ ẹ ó máa kọ ọ́ sí: ilé wo, ọjọ́ wo, ta ni kọngílá, àwọn ọmọ wo ló ṣe é, kí ni wọ́n lò.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Aláyùn nípa onílé ni mo fi ń sùn mo fi ń jí látìgbà tí mo ti kà á. Bàbá, ẹ sọ òótọ́. Kò yẹ kó jẹ́ kápẹ́ńtà ni yóò máa dúnàádúrà ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ́wọ́ kọngílá nígbà tí kọngílá ti gba iṣẹ́ tán. Ìgbà tí wọ́n bá ń kọ bíìlì iṣẹ́ ló yẹ kó ti wà níbẹ̀ ní ìlà tirẹ̀, "yíyọ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì", pẹ̀lú owó ẹ̀, kí gbogbo kọngílá tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà fowó sí i dọ́gba dọ́gba. Nígbà náà kò sẹ́ni tó máa jèrè nínú fífi omi sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀, ilé ìwé àti ọ́fíìsì. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí Abẹ́rẹ̀, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, sí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ òde, kí ẹ ní kí ìlà yẹn wà nínú gbogbo iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ bíríkìlà àti àwọn oníná, torí àwọn oníná náà ń lu ihò sí síílìn yẹn.

Akọ̀wé_Kápẹ́ńtà

Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti jókòó kọ ohun tí màá gbé lọ sípàdé, ẹ bá mi wò ó.

Mo kọ ọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ fi hámà tàbí mẹ́ṣíìnì kan síílìn tàbí páànù ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì mọ́, odindi la ó máa tú u, tútù. Pé ẹgbẹ́ á ra pọ́ńpù méjì àti ọ̀rá nínípọn tí ẹni tó bá gbàṣẹ́ á yá, torí ọ̀gá kékeré ò lè dá a rà. Pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá, ìyẹn wá látọ̀dọ̀ èmi fúnra mi mi ò sì ní í yí i padà. Pé aṣọ iṣẹ́ yẹn ò gbọdọ̀ délé ẹnikẹ́ni, níbi iṣẹ́ ni wọ́n á ti bọ́ ọ, tútù ni wọ́n á kó o sínú ọ̀rá. Pé pákó gígùn gbọ́dọ̀ wà lórí òrùlé bí Bàbá ṣe wí. Pé ọmọṣẹ́ tó bá kọ̀ láti gun àkàbà torí kò sí omi, ọ̀gá ẹ̀ ò gbọdọ̀ fi kún ọdún ìkọ́ṣẹ́ ẹ̀ tàbí dá fìríídọ̀mù ẹ̀ dúró. Èyí ló máa dá ìjà sílẹ̀ jù nípàdé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n láìsí i gbogbo èyí tó kù jẹ́ ìwé lásán, torí ọmọ wo ló lè bi ọ̀gá ẹ̀ léèrè omi nígbà tí fìríídọ̀mù wà lọ́wọ́ ọ̀gá?

Lẹ́tà Abẹ́rẹ̀ yẹn, a máa kọ ọ́. Ohun tó kù tó ṣòro fún mi ni ibi tá a máa kó o sí. Àwọn kan ń fi àfọ́kù yẹn dí kòtò ojú ọ̀nà, àwọn míì fi ń ṣe òrùlé ilé adìẹ, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń dáná sun ún.

Nọ́ọ̀sì_Ayétòrò

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dáná sun ún o, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì kì í jóná, ńṣe ló máa bú gbàù tí á tú ká. Kòtò ojú ọ̀nà náà ò dáa, ọkọ̀ á máa lọ̀ ọ́. Nínú ọ̀rá ni kó wà, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ púpọ̀ bò ó níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní í walẹ̀ mọ́, kó jìnnà sí kànga àti odò. Ẹ fi kún lẹ́tà yín pé kí ìjọba ya ibì kan sọ́tọ̀ fún un níbi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí, kí wọ́n má pò ó mọ́ ti ilé.

Bàbá_Aláyùn

Akọ̀wé, mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ti fìríídọ̀mù yẹn, èmi á dìde tì ọ́ lẹ́yìn tó o bá ké sí mi wá sípàdé yín. Ìwé tí Aṣojú sọ, tí wọ́n á máa kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, má jẹ́ kó wà lọ́wọ́ alága nìkan, torí tí ìjọba ẹgbẹ́ bá yí padà ìwé a máa sọnù. Ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra ẹ̀, kó dì í pọ̀ mọ́ sábúkéètì fìríídọ̀mù ẹ̀. Ọjọ́ wo ni ìpàdé?